Ọjọ́bọ̀, Aago Méje Alẹ́

Mojírọ́lá, fi ìwé èsì yẹn sínú àpò ná.
Máàkì mẹ́rin ló kù kí o yege,
mẹ́rin péré, bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà
tí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn ní ìka.
Mo mọ̀ ọ́n. Ìka tèmi náà ṣì ní àpá.

Jókòó. Tíì wà nínú fúláàsì,
bisikíìtì tí Nọ́ọ̀sì Maureen fi pamọ́ fún wa wà nínú agolo.
Afẹ́fẹ́ òkun Sunderland ń gbọn fèrèsé
bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Ṣé o rí àwòrán àwọn ọ̀gá dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
mọ́kàndínlógún, táì lọ́rùn gbogbo wọn?
Ọdún àkọ́kọ́ mi níbí, mo máa ń kà wọ́n lálaalẹ́
bí ọmọdé tó ń wá ìyá rẹ̀ láàárín èrò.
N kò rí imú tó jọ tèmi.
Mo wá kọ́ bí a ṣe ń yára kọjá láìwo ojú wọn.

Bàbá kan ní yàrá kẹfà ní kí n bá òun gbé abọ́ oúnjẹ,
kí n sì lọ pe dókítà wá.
Mo gbé abọ́. Mo jáde. Mo fọ ọwọ́.
Mo padà wọlé: "Ẹ káàsán sà, èmi ni dókítà."
Ìwọ náà, wọ́n ti ní kí o gbé abọ́?
Ẹ̀rín rẹ ti dá mi lóhùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan náà.
Wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ sísọ mi kò dán mọ́rán,
èmi tí ìdílé wa máa ń rán sí àwọn àna
nígbàkígbà tí ẹjọ́ bá ta kókó!

Dókítà Nasreen Chaudhry ló rí mi níbi tí mo ti ń sunkún
láàárín àwọn aṣọ iṣẹ́ tí wọn kò tíì fọ̀.
Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀, aago méje. Má pẹ́."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ló fi di aláìsàn fún mi:
ó di ìyá arúgbó tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́,
ó di ọ̀dọ́kùnrin tó mutí yó tó ń bú mi,
ó di obìnrin tí mo gbọ́dọ̀ túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún.
Ó fi hàn mí ibi tí àwọn ará ibí ti ń dákẹ́,
nítorí ìdákẹ́ wọn náà ní ohùn, kò sì sí nínú ìwé kankan.
Kò ní kí n pààrọ̀ ahọ́n mi.
Ó ní kí n jẹ́ kó sinmi kó tó rìn.

Owó ìdánwò kẹta, òun ló san ìdajì.
Nígbà tí mo gbé e padà, ó wò mí bíi pé mo bú u:
"Ṣé tèmi ni? Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ni ín."

Nítorí náà má dúpẹ́, n kò ráyè ọpẹ́.
Mo ti bá ẹni tó ń pín iṣẹ́ sọ̀rọ̀; mo ní
kì í ṣe ìwọ nìkan ló yẹ kó máa gba òru Sátidé.
Ó wo tábìlì rẹ̀, ó ní òun kò kíyè sí i.
Bóyá lóòótọ́ ni. Ó ti kíyè sí i báyìí.
Mo sì ti kọ orúkọ rẹ sórí bébà fún wọn
pẹ̀lú àmì ohùn: Mo-jí-rọ́-lá.
Ẹni tó lè pe oògùn onílẹ́tà mẹ́rìndínlógún
kò lè sọ fún mi pé orúkọ rẹ gùn jù.

Ó yá. Èmi ni Ronnie, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Mo kan ọkọ̀ ojú omi títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ pa.
Èémí mi ń já, n kò sì fẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀.
Má fi ohùn mi rẹ́rìn-ín! Ronnie kò rẹ́rìn-ín.
Jáde, kan ilẹ̀kùn, wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i.
Sọ orúkọ rẹ ní kíkún kí o tó fa àga.
Dúró díẹ̀.
Díẹ̀ sí i.
Ṣé o rí i? Ronnie ti ń sọ̀rọ̀.